Ìdọ̀bálẹ̀ Nínú Gáràjì

"Kọ́bọ̀ márùndínlọ́gbọ̀n ni káńsù wí, Bàbá Sàrátù. N kò ní í fi ẹyọ kan lé e."

Obìnrin aláṣọ náà ti bọ́ sílẹ̀, ó sì ti gbé ẹrù rẹ̀ karí. Búrẹ́mọ̀ ṣì jókòó sídìí mọ́tò, ó na ọwọ́ síta lójú fèrèsé. Láti ìgbà tí ó ti ń fi takisí gbé èrò láàárín Igbó-Ọrà àti Èrúwà, òun àti ẹni tó bá fẹ́ wọ mọ́tò òun ni wọ́n jọ máa ń fẹnu kò sórí iye owó. Káńsù kì í dá sí i.

"Ọgbọ̀n kọ́bọ̀ la jọ sọ ní Èrúwà kí ẹ tó wọlé, ìyá," ó wí.

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Èmi kàn dákẹ́ ni. Ìwé káńsù wà lára ògiri gáràjì ní Èrúwà, ó wà lára ògiri níbí. Ara mọ́tò tiyín nìkan ni n kò ti rí i." Obìnrin náà nawọ́ sí gíláàsì iwájú, níbi tí ó yẹ kí ìwé owó ọkọ̀ wà. "Ẹ sì tún gbọ́ o, ṣé ẹ máa ń dín àkàrà nínú mọ́tò yìí ni? Ojú ń ta mí, ebi ń pa mí, n kò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ mú nínú méjèèjì."

Búrẹ́mọ̀ gba owó náà. Kí ni ì bá tún ṣe? Àwọn èrò yòókù ti ń rẹ́rìn-ín, àwọn náà sì ti ń ka kọ́bọ̀ márùndínlọ́gbọ̀n tiwọn lọ́wọ́. Ó bọ́ sílẹ̀, ó rìn lọ sẹ́yìn mọ́tò. Èéfín ló bá níbẹ̀, èéfín tó nípọn, aláwọ̀ eérú, tó ń yọ lábẹ́ mọ́tò bí ẹni pé wọ́n ń dáná síbẹ̀, ọyẹ́ ò sì jẹ́ kó gòkè lọ. Ó fẹjú mọ́ ọn. Èéfín ò bẹ̀rù ojú. Ní òdì kejì ọ̀nà, níbi tí àwọn ìyá ọlọ́mọ ti ń dúró de abẹ́rẹ́ ní díspẹ́ńsárì, obìnrin kan fa etí gèlè rẹ̀ bo ọmọ rẹ̀ nímú, ó sì yí ẹ̀yìn sí gáràjì.

Èéfín yìí gan-an ni ọ̀ràn. Owó ọkọ̀ tí káńsù dín kù dun gbogbo awakọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá ń lọ tó ń bọ̀, bó bá gba kékeré ní òwúrọ̀, á gba kékeré mìíràn ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ á jẹun. Ẹni tí wọ́n gba mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ìwé kan náà ni káńsù kọ òfin méjèèjì sí. Apá òkè ni iye owó láti Igbó-Ọrà dé Ìdèrè, dé Tápà, dé Èrúwà. Apá ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ èéfín. Dókítà kan ló lọ pariwo fún wọn pé ikọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ti pọ̀ jù lágbègbè gáràjì, pé ọyẹ́ ọdún yìí le, kí wọ́n má ṣe tún fi èéfín mọ́tò kún un. Ni káńsù bá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wolé-wolé yóò máa yẹ takisí wò. Yóò fi aṣọ funfun bo ẹnu páìpù tí èéfín ń gbà jáde, awakọ̀ yóò sì tẹ tọ́rọ́ọ̀tù. Bí aṣọ bá dúdú, wọn á fi ọ̀dà dúdú pa nọ́ńbà takisí tó wà lára ilẹ̀kùn mọ́tò náà rẹ́, kò sì gbọdọ̀ gbé èrò mọ́ títí wọn ó fi tún un ṣe.

Búrẹ́mọ̀ ti lọ bá Babáwálé mẹkáníìkì. Babáwálé ṣí iwájú mọ́tò, ó tẹ́tí sí íńjìnnì, ó mirí. Ó ní mọ́tò tó bá ti dàgbà tó báyìí, tó wá ń yọ èéfín, íńjìnnì rẹ̀ ni wọ́n máa ń tú palẹ̀. Nígbà tó dárúkọ owó tí yóò ná an, Búrẹ́mọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti iwájú mọ́tò padà, ó sì wà á lọ.

"Lọ́la ni tìẹ, àbí?"

Akínladé ló sọ bẹ́ẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ àtíbàbà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí aṣọ funfun mú. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá jókòó sí gáràjì láràárọ̀ bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, tó ń wo mọ́tò àwọn ẹlòmíràn bí wọ́n ti ń wọlé tí wọ́n sì ń jáde.

"Lọ́la ni," Búrẹ́mọ̀ dá a lóhùn.

"À á rí i. Aṣọ tí wolé-wolé fi mú tèmi, bóyá ó ní òmíràn nílé tó máa fi wo ti bàbá ìyàwó ẹ̀."

Búrẹ́mọ̀ yí padà sídìí mọ́tò rẹ̀. Òótọ́ lọ̀rọ̀ náà.

Wàhábì wolé-wolé ló fẹ́ fẹ́ Sàrátù, ọmọ rẹ̀. Ọmọ Ẹdẹ ni, iṣẹ́ káńsù ló gbé e dé Igbó-Ọrà. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti wá tọrọ ọmọ, wọ́n ti gbà fún wọn, ó ku kí wọ́n so yìgì lẹ́yìn ààwẹ̀. Ọmọ ìlú mìíràn tó wá fẹ́ ọmọ onílé mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ṣùgbọ́n Wàhábì ń ṣe tirẹ̀ láṣejù. Ibikíbi tó bá ti rí Búrẹ́mọ̀, ó di ilẹ̀. Kì í ṣe pé yóò kàn fi ìka kan ilẹ̀ kó dìde bí àwọn ọmọ ìwòyí ṣe ń ṣe. Àyà ni yóò fi lé ilẹ̀, pẹ̀lú kákí oní-sítáàṣì tó lọ̀ tó le gbagidi, kódà bó jẹ́ àárín gáràjì ni, kódà bí ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ erùpẹ̀ pupa. Àwọn awakọ̀ a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Wolé-wolé, ilẹ̀ gáràjì ti mọ́ wàyí o. Ẹ ti fi àyà gbá a."

Ká má purọ́, ó máa ń dùn mọ́ Búrẹ́mọ̀ nínú. Awakọ̀ mélòó ni òṣìṣẹ́ ìjọba ń dọ̀bálẹ̀ fún lójú gbogbo ayé?

Lẹ́yìn ìrun àsárì, ó bá Hàlímọ̀, ìyàwó rẹ̀, lágbàlá níbi tó ti ń rọ epo pupa láti inú agolo sínú ìkòkò. Láti ọjà Tápà ni Hàlímọ̀ ti máa ń ra epo náà, mọ́tò ọkọ rẹ̀ ló sì máa ń kó o wálé nínú bùùtù, lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀, pẹ̀lú ewé tí wọ́n fi dí àwọn agolo lẹ́nu. Ojú rẹ̀ kò dára rárá.

"Àmínà elépo tún ti rẹ́ mi jẹ," ó wí. "Agolo tó kún dẹ́nu lójú mi ní Tápà! Ẹ wá wo ibi tí epo mọ, Bàbá Sàrátù. Ẹ̀ẹ̀melòó nìyí?"

"Bóyá oòrùn ló fà á."

"Oòrùn ń mu epo? Ọwọ́ Àmínà ni. Kò sí bó ṣe ń ṣe é tí ojú mi ò fi tó o. Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, màá tú u láṣìírí débi pé kò ní lè pàtẹ mọ́."

Búrẹ́mọ̀ jókòó sórí àpótí. Ó ní, "Lọ́la ni wọ́n fẹ́ yẹ mọ́tò wò."

Ọwọ́ Hàlímọ̀ dúró lórí agolo. Owó mọ́tò yẹn ni wọ́n fi parí ilé tí wọ́n wà yìí. Òun ló rán Sàrátù lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, òun náà ló sì ra ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ ìloro, èyí tí ọmọ náà ń fi ẹsẹ̀ wà lọ́wọ́ báyìí. Kò sí ohun tí wọ́n ní tí kò ti inú mọ́tò náà jáde.

"Ẹ jẹ́ kí Sàrátù bá ọmọ náà sọ̀rọ̀," Hàlímọ̀ wí níkẹyìn. "Ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin ò le tó ti ọkùnrin. Kó kàn ní kó ṣe é jẹ́jẹ́."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ lábẹ́ ìloro.

"Màámi, n kò lè sọ ọ́."

"Kí ló dé tó ò lè sọ ọ́?"

Sàrátù dìde, okùn ṣì wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Bó bá gbójú fò ó, gbogbo gáràjì ló máa rí i. Bàbá Akínladé á kọ́kọ́ dé káńsù kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn á sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sì gbójú fò ó, òun ló gba mọ́tò lọ́wọ́ bàbá mi. Ẹ wá sọ fún mi, màámi, èwo nínú ọkùnrin méjèèjì yìí ni kí n fẹ́?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Búrẹ́mọ̀ lára. Láti ìgbà tí ọ̀ràn yìí ti bẹ̀rẹ̀, mọ́tò nìkan ló ń rò, kò rò ó kan ọmọ.

"Kò sẹ́ni tó ní kó o sọ nǹkan kan," ó wí fún un. "Padà sídìí iṣẹ́ rẹ."

Ṣùgbọ́n àgbà tó jókòó sórí àpótí yẹn ti rí ọgbọ́n kan tó fẹ́ dá. Kò sọ fún Hàlímọ̀, nítorí ó mọ̀ pé yóò ní kò dára. Òun kò ní í bẹ̀bẹ̀. Òun kò ní í la ẹnu. Òun yóò kàn lọ dúró sẹ́yìn mọ́tò gan-an, níbi tí ẹnu páìpù wà, kó má sí ibòmíràn tí Wàhábì lè dọ̀bálẹ̀ sí. Àna wo ló máa fàyà lélẹ̀ fún bàbá ìyàwó rẹ̀ lójú èrò, tí yóò wá dìde kúrò níbẹ̀, kó máa fi aṣọ funfun wá ẹ̀gbin nídìí mọ́tò bàbá náà? Ojú ò ní í jẹ́. Ìdọ̀bálẹ̀ ni yóò ṣe ìyókù.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Búrẹ́mọ̀ wọ agbádá tó máa ń wọ̀ lọ sí jímọ̀. Ó kọ́kọ́ gbé èrò lọ sí Ìdèrè, ó gbé òmíràn bọ̀, nítorí bí yóò bá jẹ́ ìgbà ìkẹyìn, kó má jẹ́ pé ó lo òwúrọ̀ náà lásán. Ìgbà tó fi dé gáràjì, takisí ti tò. Akọ̀wé káńsù kan dúró ti agolo ọ̀dà dúdú pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Akínladé ti gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ kúrò lábẹ́ àtíbàbà, ó ti gbé e sún mọ́ iwájú kí ohunkóhun má baà fò ó. Hàlímọ̀ náà wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é, ṣùgbọ́n kò lè dúró nílé.

Mọ́tò tó wà níwájú Búrẹ́mọ̀ yege. Wọ́n ṣẹ́wọ́ sí i pé kó máa bọ̀. Bó ti ń wọlé, èéfín ń bá a bọ̀ lẹ́yìn, òórùn ohun dídín sì gba gbogbo gáràjì.

"Àkàrà gbígbóná dé o!" ẹnìkan kígbe. Ẹ̀rín sọ.

Búrẹ́mọ̀ ò pa íńjìnnì. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ká agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó rìn yí mọ́tò po, ó sì dúró sẹ́yìn rẹ̀ gan-an gẹ́gẹ́ bó ti pinnu. Wàhábì wò ó. Ojú ọmọ náà pọ́n, ó hàn gbangba pé oorun kò kan ojú rẹ̀. Ó wo mọ́tò, ó wo aṣọ funfun ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kó aṣọ náà fún akọ̀wé dání, ó sì lọ sílẹ̀, àyà rẹ̀ kan erùpẹ̀.

"Àsàlámù àléékúmù. Ẹ káàárọ̀, bàbá."

"Wà àléékúmù sàlámù. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á bá wa dá ẹ sí. Dìde."

Wàhábì kò dìde.

"Ó tó, dìde," Búrẹ́mọ̀ tún wí. Ọmọ náà ò mira. Ó kàn gbórí sókè díẹ̀, ó yíjú sí abẹ́ mọ́tò, ó sì tún dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín gáràjì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Inú Búrẹ́mọ̀ ti kọ́kọ́ dùn pé ohun tó rò ló ń ṣẹ yìí, ṣùgbọ́n bó ti ń pẹ́ ni ara rẹ̀ ń tutù. Ó rò pé ẹkún ni ọmọ náà ń sun. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ lórí ilẹ̀, kákí mímọ́ nínú erùpẹ̀ pupa, ó rántí Sàrátù pẹ̀lú okùn lẹ́nu abẹ́rẹ́, ìtìjú sì bò ó. Ọmọ ọlọ́mọ tó ń fi gbogbo ara bọ̀wọ̀ fún un ni òun sọ ọ̀wọ̀ rẹ̀ di okùn mọ́ lọ́rùn yìí, tìtorí mọ́tò.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbádá. Kò bìkítà ẹni tó ń gbọ́.

"Wàhábì, dìde kó o ṣe iṣẹ́ rẹ. Mo yọ̀ǹda. Bí aṣọ bá máa dúdú, kó dúdú. N kò ní í bá ẹ bínú, ìyàwó rẹ ò sì ní í bá ẹ bínú."

Ohùn kan dáhùn láti ìsàlẹ̀. Kì í ṣe ohùn ẹni tó ń sunkún.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa íńjìnnì."

"Kí ló dé?"

"Ẹ kọ́kọ́ pa á, bàbá."

Búrẹ́mọ̀ sáré lọ pa á. Ìgbà tó fi padà dé, ìdajì àna rẹ̀ ti wọ abẹ́ mọ́tò. Àwọn èrò ti sún mọ́ wọn yí ká, àwọn ìyá ọlọ́mọ ti sọdá láti díspẹ́ńsárì. "Wọ́n ní kó dọ̀bálẹ̀, ó ti gba abẹ́ mọ́tò lọ!" Akínladé wí, ṣùgbọ́n òun náà ti dìde lórí bẹ́ǹṣì. Gbogbo wọn tẹ́tí, wọ́n sì gbọ́ ohun kan lábẹ́ mọ́tò tó ń dún "ṣàà", ó dákẹ́, ó tún dún "ṣàà".

Wàhábì rákò jáde. Gbogbo iwájú aṣọ rẹ̀ ti di pupa. Ó na ìka rẹ̀ sókè, ohun kan ń kán lórí rẹ̀.

"Bàbá, ta ló ń gbé epo pupa nínú bùùtù yín?"

Búrẹ́mọ̀ yíjú wo Hàlímọ̀ láàárín èrò. Ó kó kọ́kọ́rọ́, ó ṣí bùùtù, òun àti Wàhábì jọ ká ẹní tó wà níbẹ̀. Ẹní náà wúwo bí ẹní tí wọ́n rẹ sómi. Lábẹ́ rẹ̀, epo pupa tẹ́ rẹrẹ láti igun kan dé igun kejì, ojú irin sì ti dípẹtà, ó ti lu sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ibi tí ihò náà wà, àárín páìpù tó ń gbé èéfín lọ sẹ́yìn ló kọjú sí gan-an. Ní gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá rìn tí páìpù náà gbóná, epo á máa kán sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa dín.

"Èmi ti wo iwájú mọ́tò," Babáwálé mẹkáníìkì wí láti ẹ̀yìn èrò, bí ẹni tí wọ́n bi ní nǹkan. "Kò sẹ́ni tó ní kí n wo ẹ̀yìn."

Hàlímọ̀ ti dé ẹ̀gbẹ́ bùùtù. Ó wo epo tó ń fi gbogbo ọjà Tápà wá. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí.

"Yéè! Àmínà! Mo ti pe ọmọ ọlọ́mọ lólè!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi mú ara wọn mọ́ra. Òótọ́ ni ohun tí àwọn èrò ti ń wí láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ní òórùn àkàrà ni, òórùn àkàrà náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ bí eré, Búrẹ́mọ̀ sì gbọ́ ọ bí èébú. Ó di bùùtù mú. Kò tíì lè yọ̀, nítorí aṣọ funfun ṣì wà lọ́wọ́ akọ̀wé.

Wàhábì nu páìpù náà gbẹ pẹ̀lú èkísà. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn aṣọ funfun, ṣùgbọ́n kò lọ sídìí mọ́tò. Akínladé ló nà án sí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi dì í. Àna mi ni, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fọwọ́ bo nǹkan."

Akínladé gba aṣọ náà kíákíá. Ó so ó mọ́ ẹnu páìpù, ó tún un so, ó tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó le. "Tẹ̀ ẹ́!" ó kígbe. Búrẹ́mọ̀ tẹ tọ́rọ́ọ̀tù. Íńjìnnì han, aṣọ wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. "Tẹ̀ ẹ́ kó délẹ̀!" Búrẹ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́ kó délẹ̀. Ó pa ojú rẹ̀ dé, ó ń ka àdúà tó bá ti wá sí i lẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n ní kó dá a dúró, kò lè yíjú wẹ̀yìn. Ó ń wo gíláàsì iwájú tí kò sí ìwé kankan lára rẹ̀. Lẹ́yìn mọ́tò, Akínladé tú aṣọ náà, ó nà án sí oòrùn, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó tún fi imú gbọ́ ọ. Ó rí àmì eérú díẹ̀ láàárín rẹ̀, irú èyí tó wà lára aṣọ àwọn mọ́tò tó ti yege ṣáájú.

"Ó mọ́," ó wí.

"Ẹ wí i sókè, bàbá," Wàhábì sọ fún un.

"Mo ní ó mọ́! Mọ́tò Búrẹ́mọ̀ mọ́! Ṣé kí n kọ ọ́ lórin ni?"

Gáràjì hó. Búrẹ́mọ̀ jáde nínú mọ́tò, ó ń wí pé, "Àlùhámúdùlílááhì, àlùhámúdùlílááhì." Hàlímọ̀ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìborùn nu ojú. Akọ̀wé káńsù dé agolo ọ̀dà dúdú rẹ̀. Akínladé sì wo Wàhábì láti orí dé ẹsẹ̀, epo lára, erùpẹ̀ lára, ó mirí.

"Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Èyí tí ọmọdé wá rí lórí ìdọ̀bálẹ̀ yìí ńkọ́?" Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ kún un pé, "Wolé-wolé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo abẹ́ tèmi náà."

"Aṣọ tiyín dúdú, bàbá."

"Mo mọ̀ pé ó dúdú. Ẹ ṣáà bá mi wò ó."

Wàhábì ṣèlérí pé òun yóò wò ó. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Búrẹ́mọ̀, ó fi ọwọ́ elépo méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn.

"Bàbá, ó ku ohun kan. Ìwé owó ọkọ̀ kò sí lára gíláàsì yín."

Bí ó bá jẹ́ àná ni, Búrẹ́mọ̀ ì bá bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa mọ́tò rẹ̀ padà lé lọ́wọ́ kò ní àyè ìbínú. Ó gba ìwé kan lọ́wọ́ akọ̀wé, ó ní kí wọ́n wá ẹ̀kọ tútù fún òun, ó sì fi lẹ ìwé náà mọ́ gíláàsì fúnra rẹ̀. Kọ́bọ̀ márùndínlọ́gbọ̀n, Igbó-Ọrà sí Èrúwà. Ó dùn ún díẹ̀, ká má tan ara wa.

Ọjọ́ kejì ni Babáwálé jó irin dí ihò tó wà ní bùùtù, ó sì gba owó kékeré, nítorí ojú ń tì í. Nígbà tí ọjọ́ ọjà Tápà pé, Hàlímọ̀ di obì àti aṣọ àǹkárá kan sínú igbá, ó lọ kúnlẹ̀ fún Àmínà. Wọ́n ní Àmínà gbọ́ ìtàn náà tán, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó sì fi ìdajì agolo epo kún tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún un pé kó wá ìdérí gidi sí agolo rẹ̀, kó yéé fi ewé dí i.

Wàhábì fẹ́ lọ sí Èrúwà fún iṣẹ́ káńsù láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú. Ó wọ kákí mìíràn, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, ó dúró gbagidi. Sàrátù fúnra rẹ̀ ló rán an. Búrẹ́mọ̀ wà lẹ́yìn mọ́tò, ó ń nu bùùtù. Bó ti rí i tó ń bọ̀, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró níbẹ̀. Mo fẹ́ bá ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan. Láti òní lọ, nígbàkígbà tó o bá ti wọ aṣọ káńsù, má dọ̀bálẹ̀ fún mi ní gáràjì mọ́. Tẹrí ba, ó ti tó mi. Fi ìdọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ di ilé. Mo mọ̀ pé ọmọ tó mọ̀wọ̀ ni ẹ́, gbogbo ayé náà sì ti mọ̀."

"Mo ti gbọ́, bàbá. Ẹ ṣeun."

"Ṣé ó yé ẹ?"

"Ó yé mi dáadáa, bàbá."

Ni Wàhábì bá lọ sílẹ̀, pẹ̀lú kákí tuntun, àyà rẹ̀ kan erùpẹ̀. Búrẹ́mọ̀ ṣí ẹnu láti bá a wí. Àwọn èrò tó ti wọ mọ́tò yọrí lójú fèrèsé. Ọmọ náà pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀, ju bó ti yẹ kí ẹni tó ń kí èèyàn pẹ́ lọ.

"Abẹ́ mọ́tò ti gbẹ, bàbá," ó wí láti ìsàlẹ̀.